Ọmọdé Tí Wọ́n Fi Ra Àgbà, Àgbà Tí Wọ́n Fi Ra Ọmọdé

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1995, ẹgbẹ́ họ́kì Calgary Flames ní Kánádà gbé Joe Nieuwendyk fún Dallas Stars ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ owó ló dá ìjà sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni Nieuwendyk ti jókòó sílé, torí pé iye tí Calgary fẹ́ san kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n lè fojú di. Ọmọ ọdún 29 ni, ó ti ṣe balógun ẹgbẹ́ náà rí. Góòlù 51 ló gbá wọlé ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, ó tún gbá 51 ní èkejì, ó sì wà nínú àwọn tó gbé ife-ẹ̀yẹ Stanley wá sí Calgary ní 1989. Ohun tí wọ́n gbà dípò rẹ̀ ni Corey Millen, eléré kan tí kò lókìkí, àti ọmọ ọdún 18 kan tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ yìnyín líìgì ńlá rí. Ọ̀pọ̀ ará Calgary ló ń béèrè pé ta lọmọ ọ̀hún.

Jarome Iginla ni. Adékúnlé wà láàrin àwọn orúkọ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀, láti Nàìjíríà ló ti lọ sí Kánádà nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Òun náà ló ń jẹ́ Adékúnlé tẹ́lẹ̀ kó tó sọ ara rẹ̀ di Elvis ní ọ̀hún, tó sì di agbẹjọ́rò. Ará Oregon ní Amẹ́ríkà ni ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá àti àwọn òbí ìyá ni Jarome ti dàgbà, ní St. Albert lẹ́bàá Edmonton. Nígbà tó kọ́kọ́ ń gbá họ́kì, aṣọ́lé ló fẹ́ ṣe, torí pé Grant Fuhr, aláwọ̀ dúdú tó ń ṣọ́lé fún Edmonton Oilers, ni ó ń wò ṣe àwòkọ́ṣe.

Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lè má tètè lóye irú ọjà yìí. Bí ẹgbẹ́ kan ní England bá fẹ́ agbábọ́ọ̀lù, owó ni wọ́n ń kà sílẹ̀. Ní NHL, líìgì họ́kì Kánádà àti Amẹ́ríkà, ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń fi gba ènìyàn. Bí ènìyàn kò bá tó, wọ́n á fi ẹ̀tọ́ àtiyan ọ̀dọ́ kún un. Lọ́dọọdún làwọn ẹgbẹ́ máa ń péjọ yan ọ̀dọ́ tuntun, ní ìpele-ìpele, kálukú ní ipò tirẹ̀ lórí ìlà. Ipò yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun títà. Ọjọ́ kan sì wà nínú sáà tó jẹ́ pé ẹni tí ẹgbẹ́ bá gbà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè bá wọn du ife lọ́dún náà. Bí ọjọ́ yẹn bá ti ń sún mọ́lé, owó ọjà àwọn àgbà eléré á lọ sókè. Ẹgbẹ́ tó ń wo ife á máa wá wọn kiri, ẹgbẹ́ tí sáà ti dàrú mọ́ lọ́wọ́ á sì kó tirẹ̀ síta.

Àṣà tó gbilẹ̀ ni pé kí àwọn èèyàn máa wá ẹni tó rẹ́ ẹnìkejì jẹ. Ti 1995 kò fi bẹ́ẹ̀ rọgbọ fún irú ìdájọ́ yẹn. Dallas gba ife Stanley ní 1999, góòlù 11 sì ni Nieuwendyk gbá nínú ìdíje náà, tí wọ́n fi fún un ní ẹ̀bùn Conn Smythe, ẹ̀bùn ẹni tó ta yọ jù. Ní ti Calgary, ọmọ tí wọ́n ń béèrè orúkọ rẹ̀ yẹn gbá góòlù 52 ní sáà 2001 sí 2002, ó kó àmì 96 jọ (góòlù àti páàsì tó yọrí sí góòlù ni wọ́n ń kà pọ̀), ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Art Ross tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ní àmì jù lọ ní líìgì. Láàrin sáà kan náà, ní ìdíje Olímpíìkì ìgbà òtútù ní Salt Lake City, ó gbá góòlù méjì sílé Amẹ́ríkà ní àṣekágbá tí Kánádà fi gba wúrà pẹ̀lú 5 sí 2. Ìgbà ni àwọn méjèèjì rà, àmọ́ kì í ṣe ìgbà kan náà. Dallas ra ọdún díẹ̀ tó sún mọ́ tòsí, Calgary ra ọdún púpọ̀ tó ṣì wà níwájú. Ohun tí kálukú nílò ló mú lọ.

Gbogbo ọ̀gá ẹgbẹ́ tó bá ń ra àgbà ló ní Ray Bourque lọ́kàn. Boston Bruins ló ti lo ogún sáà ó lé láìgba ife rí, kí wọ́n tó gbé e fún Colorado Avalanche ní oṣù Kẹta ọdún 2000, nígbà tó ti di ẹni ọdún 39. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2001, Colorado na New Jersey ní eré keje àṣekágbá. Balógun Joe Sakic kò tilẹ̀ gbé ife náà sókè kó tó nà án sí Bourque. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn olólùfẹ́ họ́kì ti ń retí irú ìparí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àgbà tí wọ́n bá tà, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

Iginla súnmọ́ ife náà lẹ́ẹ̀kan, láì kúrò ní Calgary. Ní 2004, òun ni balógun nígbà tí wọ́n dé àṣekágbá, tí Tampa Bay sì borí wọn ní eré keje. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn. Láti 2009 wọn kò wọ ìdíje ife mọ́, síbẹ̀ wọn kò ta balógun wọn. Gbogbo èèyàn fẹ́ràn rẹ̀, òun ló sì ń mú kí pápá kún. Ọdún ń gorí ọdún, owó ọjà rẹ̀ ń wálẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá pẹ́ lórí imí, eṣinkéṣin ní í bá ni níbẹ̀. Nígbà tí ìgbà òtútù 2013 fi pé, Iginla ti di ẹni ọdún 35, ìwé àdéhùn rẹ̀ yóò parí ní oṣù díẹ̀ sí i, gbólóhùn kan sì wà nínú ìwé ọ̀hún pé wọn kò lè gbé e lọ síbi tí kò bá fọwọ́ sí. Ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ló dárúkọ: Boston, Chicago, Los Angeles àti Pittsburgh. Ọjà tí oníbàárà rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, ta ló fẹ́ dá iye lé e?

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, Boston rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n ti gbà láti fi Matt Bartkowski, Alexander Khokhlachev àti yíyàn ìpele kìíní sílẹ̀, ọ̀gá wọn Peter Chiarelli sì sọ fún àwọn oníròyìn lọ́jọ́ kejì pé Calgary ti sọ fún òun pé òun ló borí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀gànjọ́ òru, Pittsburgh Penguins ni Iginla mú. Sidney Crosby wà níbẹ̀, ẹni tí Iginla fún ní páàkì, ohun tí wọ́n ń gbá nínú họ́kì, ní Olímpíìkì Vancouver ní 2010 tó fi gbá góòlù tó fún Kánádà ní wúrà. Ohun tí Jay Feaster, ọ̀gá Calgary, rí gbà ni ọmọ yunifásítì méjì, Ben Hanowski àti Kenny Agostino, àti yíyàn Pittsburgh ní ìpele kìíní ọdún náà.

Ta ló wá bọ́ sí àárín eré yìí bí kò ṣe Nieuwendyk! Òun ni ọ̀gá tó ń ṣàkóso eléré ní Dallas nígbà náà, sáà wọn sì ti bàjẹ́. Ó ta balógun rẹ̀, Brenden Morrow, fún Pittsburgh. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, nígbà tí Boston ṣì ń wá ẹni tí yóò dípò Iginla, ó ta Jaromír Jágr, ẹni ọdún 41, fún wọn.

Boston àti Pittsburgh pàdé ní ìdíje tó kángun sí àṣekágbá. Eré mẹ́rin ni wọ́n ṣe, Boston ló borí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Góòlù méjì péré ni Pittsburgh rí gbá sílé aṣọ́lé Tuukka Rask látòkè délẹ̀, Iginla kò sì ní ọwọ́ nínú èyíkéyìí. Ní eré kẹta, Jágr ló gba páàkì lọ́wọ́ àwọn Pittsburgh kí Patrice Bergeron tó gbá góòlù tó parí eré náà ní àfikún àkókò ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀pọ̀ ló wá pe pàṣípààrọ̀ Pittsburgh ní àṣìṣe. Ìyẹn le jù. Ọmọdé méjì àti yíyàn kan tó wà nísàlẹ̀ ìlà ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n sì rí àmì 12 nínú eré 15 gbà lọ́wọ́ Iginla nínú ìdíje ife kí ó tó parí. Owó tí wọ́n san kéré fún irú eléré bẹ́ẹ̀. Rask ni kò jẹ́ kó so èso, kò sì sí ọ̀gá ẹgbẹ́ kankan tó lè fi pàṣípààrọ̀ ra àbò lọ́wọ́ aṣọ́lé tó ń gbóná.

Calgary ni ìṣirò náà burú fún. Nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n rí gbà, Hanowski àti Agostino kò pẹ́ níbẹ̀. Ipò 28 ni yíyàn náà bọ́ sí, Morgan Klimchuk ni wọ́n fi yàn, eré ẹyọ kan ló sì gbá fún wọn ní líìgì ńlá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbá tó eré 30 fún Flames. Ipò 29, tó tẹ̀lé e gan-an, ti Dallas ni: èyí tí wọ́n rí gbà lórí Jágr, torí àdéhùn náà sọ pé bí Boston bá jìnnà nínú ìdíje ife, yíyàn ìpele kejì yóò di ti ìpele kìíní. Jason Dickinson ni wọ́n fi yàn, ó sì gbá họ́kì ọ̀pọ̀ ọdún ní NHL. Àmọ́ nígbà tí wọ́n yàn án, Nieuwendyk kò sí ní ipò mọ́. Dallas ti lé e lọ ní òpin oṣù Kẹrin.

Ní oṣù Keje ọdún 2013, Iginla fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Boston, ẹgbẹ́ tó kọ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú, ó sì gbá góòlù 30 fún wọn. Colorado ló tẹ̀lé e. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Los Angeles Kings, níbi tí Darryl Sutter, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ní 2004, wà, gbà á lọ́wọ́ Colorado. Yíyàn ìpele kẹrin kan tó ní àdéhùn nínú ni iye rẹ̀ nígbà náà. Kings kò wọ ìdíje ife lọ́dún yẹn. Ó kó góòlù 625 jọ ní líìgì ńlá, láìgba ife Stanley rí. Ní 2020, ọdún àkọ́kọ́ tó tọ́ sí i, wọ́n yàn án sínú Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí Họ́kì, níbi tí orúkọ Nieuwendyk ti wà láti 2011.