A kì í fá orí lẹ́yìn olórí: ìtàn dátà wa láti 2001 títí di òní

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó ná. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí oṣù kan tí ọ̀gá kan láti àjọ NCC kì í gorí pèpéle níbi àpérò àwọn oníléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, l'Ékòó, l'Ábújá, tàbí lókè òkun. Wọ́n á mú máìkì, wọ́n á sọ bí nẹ́tíwọọ̀kì ṣe máa dé gbogbo abúlé. Èmi wà ní Àgọ́-Ìwòyè níbí, mò ń gbé fóònù sójú fèrèsé kí n lè rí nẹ́tíwọọ̀kì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi.

2/ Ó pẹ́ tí mo ti ń bi ara mi pé: nínú gbọ̀ngàn yẹn, ta ló ń sọ̀rọ̀ fún àwa tí à ń ra dátà? Mo wá lọ wo ìtàn rẹ̀. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu, nítorí ìgbà kan wà tí àwọn òbí wa dá a lóhùn láìgba máìkì kankan. Ẹ tẹ̀lé mi.

3/ Ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ní 1985 ni ìjọba dá NITEL sílẹ̀. NITEL nìkan ló ni tẹlifóònù nílẹ̀ yìí. Ó dé 1992, ìjọba ológun ṣe òfin kan, Decree 75, tó dá NCC sílẹ̀. Iṣẹ́ NCC ni láti fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní ìwé-àṣẹ, kó máa ṣọ́ wọn, kó sì máa dáàbò bo aráàlú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: dáàbò bo aráàlú. A ó padà síbẹ̀.

4/ Nígbà tí 2000 fi máa dé, gbogbo okùn tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 400,000 lọ. Èèyàn tó wà nílùú ti lé ní 100 mílíọ̀nù! Màmá mi ní tí wọ́n bá fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n wọn l'Ékòó sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ń wọkọ̀ lọ, wọ́n á tò sórí ìlà. Nígbà mìíràn, tí ó bá kàn wọ́n, okùn á ti já. Wọ́n á tún wọkọ̀ padà sílé.

5/ Ó wá di January 2001. Láti ọjọ́ 17 sí 19, NCC lu ìgbì afẹ́fẹ́ ní gbàǹjo l'Ábújá. Bẹ́ẹ̀ ni o, afẹ́fẹ́! Kì í ṣe ọ̀pá, kì í ṣe wáyà. Ọ̀nà tí ohùn àti dátà ń gbà kọjá nínú afẹ́fẹ́ ni wọ́n tà. Bí ilé-iṣẹ́ méjì bá jọ ń gba ọ̀nà kan náà, ohùn wọn á dàrú mọ́ra wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi gbọ́dọ̀ pín in. Gbogbo wa la ni ín, NCC ló ń bá wa mú un dání.

6/ Ilé-iṣẹ́ márùn-ún ló wá. Owó bẹ̀rẹ̀ láti 100 mílíọ̀nù dọ́là. Wọ́n ń fi kún un, wọ́n ń fi kún un, títí ó fi dé 285 mílíọ̀nù dọ́là lórí ìwé-àṣẹ kan. Àwọn mẹ́ta ló borí: MTN, Econet àti CIL. NITEL náà gba tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ernest Ndukwe, onímọ̀ ẹ̀rọ, ló jẹ́ ọ̀gá NCC nígbà náà. Gbàǹjo yẹn mọ́, gbogbo ayé ló yìn ín. Ká má parọ́, ó tọ́ kí wọ́n yìn ín.

7/ Ibi tó kàn wá ládùúgbò nìyí. Ta ló ni CIL? Mike Adenuga, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú tó wà nítòsí wa níbí. Ìjà ṣẹlẹ̀ lórí ìgbì afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún CIL, wọn ò san owó tó kù lásìkò, NCC gba ìwé-àṣẹ náà padà. 20 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n ti san sílẹ̀ lọ báyẹn! Ẹlòmíì ì bá ti fi í sílẹ̀. Ẹ dúró ná, ọkùnrin yìí ń bọ̀ wá sínú ìtàn yìí.

8/ Ní ọdún kan náà, May 29, 2001, Ogun State University tó wà níbí di Olábísí Ọnàbánjọ University. Nígbà tó fi máa di August, GSM ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní àwọn ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n síìmù kan lé ní 20,000 náírà. Owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà? 7,500 náírà. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín.

9/ Owó ìpè ńkọ́? 50 náírà fún ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú odindi ni wọ́n sì ń kà. Tí o bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, ìṣẹ́jú kan ni. Tí o bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan kọjá ìṣẹ́jú kan, o ti jẹ ìṣẹ́jú méjì. Ìyẹn ló sọ màmá mi di oníṣòwò. Wọ́n ta agbòòrùn sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n gbé tábìlì kan àti àga méjì síbẹ̀, wọ́n ń ta ìpè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Màmá Kọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè wọ́n.

10/ Wọ́n ní ojoojúmọ́ ni ìjà. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú kan péré ni mo sọ o." Màmá á na fóònù sí i: "Ọmọ mi, wò ó, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá méjì ló wà níbẹ̀. Owó ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n ti yọ lọ́wọ́ mi." Ọmọ ọlọ́mọ á máa wá owó nínú àpò. Nígbà mìíràn màmá mi á ní kó máa lọ. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ló ń ba èrè wọn jẹ́.

11/ Aráàlú ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n máa ka ìpè ní ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní rárá, àsìkò ò tíì tó, owó tí àwọn ná sórí ẹ̀rọ pọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ náà títí. Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn ń bára wọn sọ̀rọ̀, àwọn tó ń sanwó wà níta lábẹ́ agbòòrùn.

12/ Ẹ rántí ọkùnrin Ìjẹ̀bú-Igbó yẹn? August 2002, Globacom rẹ̀ gba ìwé-àṣẹ mìíràn ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. August 29, 2003, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ń ka ìpè ní ìṣẹ́jú àáyá láti ọjọ́ kìíní. Ohun tí wọ́n ní kò tíì ṣeé ṣe, ó ṣeé ṣe!

13/ Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù lọ nìyí. September 19, 2003. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn náà. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún oníbàárà ní kí gbogbo ẹni tó ní fóònù pa á lọ́jọ́ yẹn. Kò sí Twitter, kò sí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ ẹnu, rédíò, ìwé ìròyìn àti tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì pa fóònù wọn lóòótọ́.

14/ Mo bi màmá mi: "Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ pa tiyín?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mo pa á. Mo ká agbòòrùn, mo lọ sùn. N kò pa kọ́bọ̀ kan lọ́jọ́ yẹn." Mo ní kí ló dé, iṣẹ́ òòjọ́ yín mà ni. Wọ́n ní: "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́." Ó pẹ́ kí n tó rí ohun tí mo máa sọ.

15/ Kì í ṣe pé owó já wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì o. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n láàárín ìbínú aráàlú àti ìdíje Glo, kíkà ní ìṣẹ́jú àáyá di nǹkan gbogbo ilé-iṣẹ́. Owó síìmù sì já wálẹ̀ títí ó fi di ohun tí wọ́n ń pín lófẹ̀ẹ́ lójú títì.

16/ Íntánẹ́ẹ̀tì wá di ọ̀rọ̀ gangan. 2007, NCC ta ìwé-àṣẹ 3G mẹ́rin, 150 mílíọ̀nù dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ègbọ́n wa tó ń lọ sí káfè lóru láti ṣe bírawúsìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lórí ibùsùn. Láti ìgbà náà, dátà ni wọ́n ń sọ ní gbogbo àpérò. Ìpè ti di ọmọ ìyá rẹ̀ kékeré.

17/ Kò sì yẹ ká sọ pé NCC kò lágbára. May 2012, wọ́n bu owó ìtanràn 1.17 bílíọ̀nù náírà lé ilé-iṣẹ́ mẹ́rin nítorí nẹ́tíwọọ̀kì tí kò dára. 2015, wọ́n bu 1.04 tírílíọ̀nù náírà lé MTN lórí àwọn síìmù tí wọn ò forúkọ sílẹ̀. Wọ́n dúnàádúrà títí ó fi di 330 bílíọ̀nù ní 2016. Àjọ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń na pàṣán. Ìbéèrè ni pé ìgbà wo ni wọ́n ń nà án, nítorí ta sì ni.

18/ Ẹ wo November 2016. NCC kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ pé láti December 1, dátà kò gbọ́dọ̀ wọ́n dín ju iye kan lọ, 90 kọ́bọ̀ lórí MB kan. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá má baà fi owó pọ́ọ́kú lé àwọn kéékèèké jáde. Ó ní ọgbọ́n nínú. Ṣùgbọ́n a kì í fá orí lẹ́yìn olórí! Àwọn ọ̀dọ́ bú sí i lórí ayélujára, Ilé Aṣòfin Àgbà dá sí i. November 30, NCC dá a dúró. Ó ku ọjọ́ kan péré!

19/ Ìgbà kejì nìyẹn tí àwọn tó wà níta gbọ̀ngàn sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì gbọ́. Ti àkọ́kọ́, fóònù ni wọ́n pa. Ti èkejì, fóònù ni wọ́n tàn.

20/ Ohun mìíràn tún nìyí. Ndukwe kúrò ní NCC ní 2010. Ní 2019, ó di alága ìgbìmọ̀ MTN Nàìjíríà. Kò rú òfin kankan, ọdún mẹ́sàn-án ti kọjá láàárín. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni ṣe ibi. Ohun tí mò ń sọ ni pé gbọ̀ngàn yẹn kéré. Àwọn kan náà ló ń pààrọ̀ àga níbẹ̀. Màmá Kọ́ọ̀lù ò sí nínú wọn.

21/ Ní 2020, ìjọba gbé ètò íntánẹ́ẹ̀tì tuntun jáde: nígbà tó bá fi máa di 2025, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún aráàlú yóò ní íntánẹ́ẹ̀tì tó yára, owó GB kan kò sì ní ju 390 náírà lọ. Wọ́n sọ ọ́ lórí oríṣiríṣi pèpéle. December 2021, wọ́n ta 5G fún MTN àti Mafab, 273.6 mílíọ̀nù dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àtẹ́wọ́ dún. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ìdá yẹn kò tíì tó 50.

22/ January 20, 2025, NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. 100 ni wọ́n béèrè. Ká sọ òtítọ́: láti 2013 ni owó yẹn kò ti yí padà, náírà ti já, owó dísù tí wọ́n ń dà sínú jẹnẹrétọ̀ ti gòkè. Ìdí wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. NLC ní àwọn máa ṣe ìwọ́de ní February 4, wọ́n bá ìjọba jókòó, wọ́n sún un síwájú. Owó gòkè. Àwa náà ráhùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, a sì tẹ̀síwájú.

23/ Lóṣù tó kọjá, mò ń fi fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ránṣẹ́. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ òru, ó máa parí ní méjìlá. Dátà tí mo rà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lọ, mi ò mọ ibi tó gbà. Ilé-iṣẹ́ náà, tí n kò ní dárúkọ, ní mo ti lò ó tán. Mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn yàrá kejì, wọ́n fún mi ní hotspot. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú méjì ni fọ́ọ̀mù wọlé. Mo jókòó sílẹ̀, mo ronú kan ìṣẹ́jú àáyá méjì tó ń ba èrè màmá mi jẹ́.

24/ Mi ò sọ pé kí wọ́n má ṣe àpérò. Láti 400,000 okùn títí di ohun tó lé ní 150 mílíọ̀nù fóònù, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, gbọ̀ngàn yẹn náà wúlò. Ohun tí mò ń wí ni pé, nínú ìtàn ọdún tó lé ní ogún yìí, ìgbà tí ọ̀rọ̀ wa dé etí wọn ni ìgbà tí a jọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí a sì mọ ohun pàtó tí à ń béèrè. "Ẹ kà á ní ìṣẹ́jú àáyá." "Ẹ dá owó yẹn dúró." Ọ̀rọ̀ kúkúrú. Ráhùnráhùn kò ṣe é rí.

25/ Nítorí náà: tí ilé-iṣẹ́ rẹ bá jẹ dátà rẹ, bá wọn sọ ọ́ kọ́kọ́, kọ nọ́ńbà ẹ̀sùn rẹ sílẹ̀. Tí wọn ò bá dá ọ lóhùn, pe 622, ti NCC ni, ọ̀fẹ́ ni. Tí NCC bá sì pe aráàlú sí ìpàdé ládùúgbò rẹ, lọ. Béèrè iye tí GB kan jẹ́ lónìí, kí o sì rán wọn létí 390 náírà.

26/ Màmá mi ṣì ní agbòòrùn yẹn nílé. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, irin kan ti tẹ̀. Wọ́n ń fi í sá ẹ̀gẹ́ pa mọ́ fún òjò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yà á ní fọ́tò fún yín, wọ́n ní, "Dátà mélòó ni ìyẹn máa jẹ?"

Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀: ìlú wo lẹ ti ń ka èyí, báwo sì ni nẹ́tíwọọ̀kì yín?