Iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ àti àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ

Dókítà kan tó kọ́ Yorùbá díẹ̀ lọ́dọ̀ mi fi ẹjọ́ èdè wa sùn mí. Ó ní aláìsàn á wọlé, á ní "iṣan ń dùn mí lẹ́sẹ̀", òun ò ní mọ̀ bóyá ẹran ni, àbí okùn tó so ẹran mọ́ eegun, àbí iṣan ẹ̀jẹ̀, àbí èyí tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Ó ní àwọn Gíríìkì ò níru wàhálà yìí.

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Neuron tí wọ́n fi ń pe iṣan ìmọ̀lára lónìí, okùn tó so ẹran mọ́ eegun ló kọ́kọ́ jẹ́. Wọ́n tún fi ń pe okùn ọrun tí wọ́n fi ń ta ọfà. Ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù ni Herophilus, ní Alẹkisáńdíríà, tó ya ìmọ̀lára sọ́tọ̀ dáadáa.

Orúkọ iṣan ńlá ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ńkọ́? Ní 1693, Philip Verheyen, olùkọ́ ní Leuven, tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ tirẹ̀ kan, pè é ní chorda Achillis, ìyẹn okùn Achilles. Bẹ́ẹ̀ nínú Iliad ti Homer, a ò rí ibi tí ọfà ti pa Achilles ní gìgísẹ̀. Achilles fúnra rẹ̀ ló lu iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ Hector, tó ki awọ bọ̀ ọ́, tó fi wọ́ òkú náà nílẹ̀. Ká ní èmi ni, ti Hector ni ǹ bá pè é.

Ní 1803, Monteggia, oníṣẹ́ abẹ ará Milan, kọ nípa oníjó kan. Iṣan méjì ló gba ẹ̀yìn kókósẹ̀ ìta kọjá, ọ̀já kan ló dè wọ́n síbẹ̀. Bí ọ̀já náà bá ya, wọ́n á máa fò gorí eegun, wọ́n á tún padà.

Dókítà mi, má wulẹ̀ bá ọ̀rọ̀ iṣan jà. Bi aláìsàn pé báwo ló ṣe dún. Ọ̀rọ̀ tó ń fara wé ìró ò wọ́n wa. Bó bá ní gbàù, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni pé wọ́n ta òun nípàá lẹ́yìn, tí kò sì lè fi ìka ẹsẹ̀ yẹn dúró, fura sí iṣan ńlá pé ó ti já. Bó bá ní ó ń ṣe pá, pá lẹ́bàá kókósẹ̀ ìta, fọwọ́ lé ẹ̀yìn eegun náà, kí o ní kó yí ẹsẹ̀. Bí iṣan bá ń fò, ìka rẹ á gbọ́ ọ.