Ọdún Omíyalé: Ta Ló Wà Lọ́dọ̀ Ọmọ Nígbà Tí Omi Dé?

Ọ̀rọ̀ ìlera tòní, ìtàn ni mo fẹ́ fi sọ ọ́, nítorí ohun tí ojú àgbà ti rí yẹ kó ṣe ọmọdé láǹfààní.

Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn mọ Ọdún Omíyalé. Odò Ògùnpa ti ya wọ ilé rí ṣáájú ọdún yẹn: ó ṣe é ní 1963, ó tún ṣe é ní 1978. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, nígbà tí Olóyè Bọ́lá Ìgè jẹ́ gómìnà, ni ẹnikẹ́ni kò lè gbàgbé. Òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Odò tí kì í tó nǹkan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wá la àárín ìlú kọjá, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé ènìyàn. Òkú tí wọ́n rí kó lé ní 200.

Òjò nìkan kọ́ ló fà á. A ti kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi, a sì ti sọ odò di ààtàn. Nígbà tí omi dé, kò rí ibi gbà, ó bá gba inú ilé wa.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ó tún ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, 26 oṣù Kẹjọ, 2011, ààwẹ̀ Ramadan kù díẹ̀ kó parí. Òjò bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó sì wọ inú òru. Wọ́n wọn òjò náà, ó tó nǹkan bíi mìlímítà 187. Ìyẹn ni pé bí o bá gbé korobá tí ìdí àti ẹnu rẹ̀ ṣe déédéé sí ìta gbangba, omi inú rẹ̀ á ga tó ọwọ́ àgbàlagbà, láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka àárín. Omi ìdídò Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnwọ́sílẹ̀, afárá Àpẹ̀tẹ̀ wó, àwọn afárá mìíràn náà sì bàjẹ́. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ méjèèjì pọ̀. Ìparí oṣù Kẹjọ ni méjèèjì. Òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù náà, ọkàn wa á balẹ̀, a ò ní kó gọ́tà mọ́, lẹ́yìn náà lòjò á padà dé pẹ̀lú agbára. Bákan náà, ní 1980, ọjọ́ Àìkú ni. Ní 2011, ọmọ wà nínú ọlidé. Ilé ni àwọn ọmọ wà lọ́jọ́ méjèèjì, kì í ṣe ilé ìwé.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí. Nígbà tí afárá bá wó, ìyá tó lọ sọ́jà kò lè dé ilé, bàbá tó wà níbi iṣẹ́ kò lè sọdá. Ta ló kù pẹ̀lú àwọn ọmọ? Ìyá àgbà ni, tàbí àkọ́bí ọmọ ọdún mọ́kànlá. Nítorí náà, ètò tó wà lórí ìyá àti bàbá nìkan kì í ṣe ètò. Ọwọ́ ẹni tó ń jókòó ti ọmọ ló yẹ kó wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí:

1. Ẹ yan ibi gíga kan tí gbogbo ilé á sá lọ, ilé aládùúgbò tàbí ti ìbátan. Ẹ mú àwọn ọmọ rìn débẹ̀ lójú ọ̀sán, kí ẹsẹ̀ wọn mọ̀ ọ́n.
2. Ẹ pín ọmọ fún àgbà: ta ni yóò gbé ìkókó, ta ni yóò di ọmọ ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mú.
3. Ẹ kọ́ ọmọ ní orúkọ òbí rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ àti nọ́ńbà fóònù kan. "Mọ́mì" kì í ṣe orúkọ tí a fi ń wá ìyá.
4. Ẹ kó káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn ẹni tó ń lo oògùn, tọ́ọ̀ṣì, aṣọ ọmọ àti omi mímu sínú àpò kan, kí àwọn ìwé wà nínú ọ̀rá.
5. Bí omi bá ń ṣàn, ẹ má pọn ọmọ kí ẹ kó wọ inú rẹ̀. Omi tó dé orúnkún lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ẹ gun òkè, ẹ pe 112.
6. Bí ẹsẹ̀ yín bá wà nínú omi, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun tó jẹ́ ti iná mànàmáná.

Lẹ́yìn tí omi bá gbẹ, ewu kejì ló kù. Omi tó wọ ṣáláńgá ló tún wọ kànga, ibẹ̀ sì ni àrùn onígbáméjì ti ń wá. Ẹ se omi kí ó hó kí ẹ tó mu ún. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ fún un ní ORS. Bí kò bá sí, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì kékeré mẹ́fà àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí náà, gígé ni kẹ́ ẹ gé e, mọ́ omi mímọ́ lítà kan. Ẹ má dá ọmú dúró. Ẹ tètè gbé ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ wa.

Ìjọba ti gbẹ́ odò, wọ́n sì ti tún afárá kọ́ lẹ́yìn 2011. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní eji ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ẹ̀yin tí ẹ rí Omíyalé, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ nípàdé tó ń bọ̀. Ẹ fi ibi tí omi dé nígbà náà hàn wọ́n. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn, kí oṣù Kẹjọ tó dé.

Èmi ni nọ́ọ̀sì àdúgbò yín.