Ohun tí àwọn ará ìṣáájú dì sẹ́rù kí wọ́n tó sọdá òkun láti Kàlàbá

(Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Alága fi ohùn ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn.)

 

Mo rí ohun tí àbúrò wa tó ń ta bàtà ní ọjà Watt kọ síbí láàárọ̀. Ó ní òun fẹ́ kó ọjà sọdá sí Limbe fún ìgbà àkọ́kọ́, bóòtù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan lòun máa wọ̀, kí ló yẹ kóun dì sẹ́rù? Ẹ ti dá a lóhùn. Ẹnì kan ní gààrí, ẹnì kan ní náílọ́ọ̀nù tó nípọn, ìyá wa kan ní oògùn èébì. Gbogbo ẹ̀ ló dáa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ti wà ní etí omi yìí kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa, ìtàn ni mo sì fẹ́ fi dáhùn ẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ó máa gùn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí omi náà ṣe rí. Láti Kàlàbá sí Limbe, bíi 140 kìlómítà ni téèyàn bá lè lọ tààrà. Sí Malabo náà, bákan náà ni. Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ju Ìbàdàn sí Èkó lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fojú kéré ẹ̀. Odò lẹ máa kọ́kọ́ gbà jáde, omi ibẹ̀ á dákẹ́, igi ẹ̀gbà á wà lọ́tùn-ún lósì, ọkàn yín á balẹ̀. Ìgbà tí odò bá ṣí sójú òkun ni ìgbì máa tó fara hàn yín. Òkè Kamẹrúùnù wà níwájú, ó ga ju 4,000 mítà lọ. Tójú ọ̀run bá mọ́, òun ni atukọ̀ á máa wò. Àmọ́ òkè yẹn kan náà ló ń fa òjò. Ibì kan wà nítòsí Limbe tí wọ́n ń pè ní Debundscha, òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan tó nǹkan bíi mítà 10. Ó wà lára ibi tí òjò ti ń pọ̀ jù láyé. Oṣù Keje, Oṣù Kẹjọ, ìgbà yẹn gan-an ló ń dà jù. Oṣù wo la wà yìí, àbúrò?

Ó dáa. Ìtàn.

Láyé àwọn bàbá wa, Panya làwọn èèyàn etíkun ibí ń pe Fernando Po, torí àwọn ará Sípéènì ló ni ín nígbà yẹn. Erékùṣù tí Malabo wà lórí ẹ̀ náà ni, tí wọ́n ń pè ní Bioko lónìí. Oko kòkó ló kún ibẹ̀. Kódà ìwé ìtàn Nàìjíríà sọ pé ibẹ̀ ni ìjòyè Squiss Ibaningo ti gbé irúgbìn kòkó wá sí ilẹ̀ wa ní 1874. Kòkó tí wọ́n fi owó ẹ̀ kọ́ Kòkó Háòsì n'Íbàdàn, omi yìí ló gbà wọlé. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni, torí àwọn tó ń sọ pé omi yìí ò kan Yorùbá.

Oko pọ̀, òṣìṣẹ́ ò sí. Làìbéríà ni wọ́n ti ń kó èèyàn tẹ́lẹ̀, títí ìwádìí League of Nations fi tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà ní 1930. Ni wọ́n bá kọjú sí etíkun tiwa. Àwọn tó ń bá wọn wá èèyàn á wọ abúlé, wọ́n á fi owó díẹ̀ léèyàn lọ́wọ́, wọ́n á ní iṣẹ́ gidi kan wà níbì kan tí ò jìnnà. Tó bá dòru, wọ́n á kó wọn sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà. Ilẹ̀ á mọ́ bá wọn lójú òkun. Níbi tí wọ́n bá gúnlẹ̀ sí, ìwé àdéhùn ọdún méjì ti ń dúró dè wọ́n, kò sí pé mo fẹ́ padà sílé. Ní 1942, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípéènì fọwọ́ sí àdéhùn, wọ́n ṣí ọ́fíìsì ní Kàlàbá níbí kí ẹni tó ń lọ lè máa gba ìwé lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló lọ. Àwọn Ìbò àti Ibibio ló pọ̀ jù, àwa Yorùbá ò tó nǹkan níbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nìyí. Ọmọ etí omi ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n wẹ̀, wọ́n mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni ẹni tó ń dúró dè wọ́n lódìkejì. Nígbà tí ibẹ̀ gba òmìnira ní 1968, tí ìjọba Macías Nguema wá le, tí wọ́n ń pa àwọn ọmọ Nàìjíríà, ìgbà náà ni ìjọba wa tó fi ọkọ̀ òkun àti ọkọ̀ òfuurufú kó wọn bọ̀ wálé, ní 1975 wọ 1976.

Ti Kamẹrúùnù yàtọ̀. Ẹni tó wọ ọkọ̀ láti ibí lọ sí Victoria lọ́dún 1955 ò lọ sókè òkun rárá. Victoria ni Limbe, 1982 ni wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà. Nàìjíríà ni wọ́n fi ń ṣàkóso apá ibẹ̀, owó kan náà la jọ ń ná. Wọ́n dìbò ní Oṣù Kejì 1961, wọ́n yan Kamẹrúùnù, ó sì di Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n lọ. Omi ò fẹ̀ sí i, ìgbì ò ga sí i, ṣùgbọ́n ìrìn àárọ̀ di ìrìn ilẹ̀ òkèèrè. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná sẹ́fà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ná ọjà Kùtọnu àti Lomé, ẹ má fi sẹ́fà tọ̀hún dání lọ síbẹ̀ o. Orúkọ ló jọra, owó náà yàtọ̀, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ yín lọ́jà. Kamẹrúùnù àti Equatorial Guinea ò sì sí nínú ECOWAS, ìwé tẹ́ ẹ fi ń kọjá ní Sẹ̀mẹ̀ ò ní ran yín lọ́wọ́. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù, ẹ mú yẹ́lò káàdì.

Èmi náà, 1990 ni mo kọ́kọ́ sọdá, láti Oron. Mo múra o! Aṣọ ni mo ń tà, mo fi náílọ́ọ̀nù wé e ní ìlọ́po mẹ́ta, mo ra búrẹ́dì, mo gba àwẹ̀. Ohun tí mi ò ṣe ni pé mi ò wo inú bóòtù. Omi ti wọ inú epo tí wọ́n rà. Nígbà tí a ò rí ilẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì ẹyọ kan tó wà níbẹ̀ kọ́, ó kú. Plọ́ọ̀gì kan ṣoṣo ni wọ́n fi pamọ́, àjẹ̀ ò sí. A fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí gbọ́n omi láti ọ̀sán títí oòrùn fi wọ̀. Ibi tí mo ti ń gbọ́n omi ni mo ti rántí pé kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wa sílẹ̀ ní bíìṣì. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé Ábá ni mò ń lọ, kó má bàa dààmú. Tá a bá rì, Ábá ni ì bá ti máa wá mi.

Àwọn apẹja ló fà wá wọ abúlé kan ní Bakassi. Èdè Ìlàjẹ ni ọkùnrin tó ju okùn sí wa fi kí mi, mo bú sẹ́kún. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbà pé ilé ni mo wà. Ní 2002, kóòtù àgbáyé dá ẹjọ́ pé Kamẹrúùnù ló ni Bakassi. Ní 2006 wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Ní Oṣù Kẹjọ 2008, Nàìjíríà kó kúrò pátápátá. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì bá kú mọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀ lónìí, ilẹ̀ Kamẹrúùnù ló máa gúnlẹ̀ sí, ìwé sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Má di páásípọ́ọ̀tù sínú ẹrù bàtà. Ara ẹ ni kó wà, nínú náílọ́ọ̀nù.

Àbúrò, mo mọ̀ pé owó ṣọ́ọ̀bù ń lé ẹ. Tó bá ṣeé ṣe, dúró di Oṣù Kọkànlá. Tí ọkọ̀ ńlá bá wà, ọkọ̀ ńlá ni kó o wọ̀. Tó bá sì jẹ́ bóòtù yẹn náà ni, lọ bá ọlọ́kọ̀ lọ́la nígbà tí kò tíì sí èrò. Bi í pé ẹ́ńjìnnì mélòó ló ní. Jẹ́ kó ṣí epo kó o rí i. Ka jákẹ́ẹ̀tì, ka èrò, kó o rí i pé wọ́n dọ́gba. Tó bá ní òru làwọn máa gbéra, padà sílé. Kó o wá fi orúkọ ẹ̀ àti nọ́ńbà ẹni tó máa gbà ẹ́ ní Limbe ránṣẹ́ sí èmi àti ìyàwó ẹ. Ìyàwó ẹ o, mo tún un sọ.

Kó o tó ta bàtà kan níbẹ̀, fi ohùn ránṣẹ́ síbí. Mi ò ní sùn títí màá fi gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, báàtìrì mi ń ké.