Dídènà Èbu Lára Igbó tí a Gbìn Sínú Ilé

Èbu wà lára àwọn àrùn tó ń ba igbó tí a gbìn sínú ilé jẹ́ jù lọ. Ó lè jẹ́ èyí tó ń jẹ òdòdó láti inú wá, ó lè jẹ́ àbààwọ́n funfun lójú ewé, ó sì lè jẹ́ èyí tó ń hù nínú àpò tàbí ìgò lẹ́yìn ìkórè. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó jẹ́ ẹ̀yà olú ló ń fà á. Irúgbìn wọn, tí ojú lásán kò lè rí, wà nínú afẹ́fẹ́ ilé gbogbo, kò sì sí ẹni tó lè lé wọn tán. Ohun tó wà níkàáwọ́ olùgbìn ni ọ̀rinrin. Ibi tí omi kò bá ti dúró lára ewé, tí afẹ́fẹ́ sì ń rìn, ọ̀pọ̀ èbu kì í rí ààyè hù.

Orílẹ̀-èdè tí òfin ti gba gbígbìn igbó láàyè ni ìmọ̀ yìí ti gbilẹ̀. Ní Kánádà, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2018 fàyè gba igi mẹ́rin nínú ilé kan, àyàfi níbi tí òfin ẹkùn bá ti sọ ohun mìíràn. Ní Jámánì, àgbàlagbà lè gbin igi mẹ́ta láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ní Nàìjíríà, ẹ̀ṣẹ̀ ni gbígbìn rẹ̀ lábẹ́ òfin, àjọ NDLEA ló sì ń gbógun tì í.

Àwọn èbu tó wọ́pọ̀

Èyí tó ń ṣe òfò jù ni èbu eléérú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Botrytis cinerea. Òun kan náà ló ń ba èso àjàrà, sitirọ́bẹ́rì àti tòmátì jẹ́, irú ohun ọ̀gbìn tó ń bá jà sì lé ní 200. Ara ohun tó ti ń kú ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: ewé tó ti pọ́n, ẹ̀yà òdòdó tó ti rọ, tàbí ojú egbò tí ọ̀bẹ tàbí kòkòrò dá sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń wọ àárín òdòdó. Òdòdó igbó inú ilé sábà máa ń ki, ó sì máa ń dì pọ̀, nítorí pé irú bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùgbìn ti ń ṣà gbìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀rinrin tó bá há sáàárín rẹ̀ kì í tètè rọ́nà jáde. Àmì àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ewé kékeré kan ṣoṣo tó gbẹ lójijì lára òdòdó tó ṣì ń tutù yọ̀yọ̀. Bí a bá fà á, á já wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí a bá la òdòdó náà, a ó rí i pé inú rẹ̀ ti rà, ó ti dúdú, eruku aláwọ̀ eérú sì ń kù jáde níbẹ̀.

Èkejì ni èbu oníyẹ̀fun. Lára igbó, ẹ̀yà Golovinomyces ló sábà máa ń fà á. Ojú ewé ló ti máa ń yọ, ní àbààwọ́n róbótó funfun tó ń tàn kálẹ̀ títí yóò fi bo ewé náà. Èbu yìí kò dúró de omi kí ó tó hù, nítorí pé irúgbìn rẹ̀ gbé omi tirẹ̀ dání. Ìdí nìyẹn tó fi lè yọ nínú yàrá tí kò rin púpọ̀. Àmọ́ ara ewéko tó wà láàyè nìkan ló lè gbé, nítorí náà, ẹ̀ka gígé tí wọ́n rà tàbí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló sábà máa ń gbé e wọlé.

Ẹ̀kẹta ni àwọn èbu inú àká, Aspergillus àti Penicillium, tó ń jàǹbá lẹ́yìn ìkórè. Ọ̀kan nínú wọn, Aspergillus flavus, kò ṣàjèjì nílẹ̀ wa: òun ló ń ba àgbàdo àti ẹ̀pà jẹ́, tó ń pèsè májèlé aflatoxin sínú wọn. Nítorí rẹ̀ ni àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA tó wà ní Ìbàdàn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe ṣe Aflasafe, tó ń fi ẹ̀yà èbu náà tí kò ní májèlé gba ààyè mọ́ èyí tó ní i lọ́wọ́ nínú oko.

Ní Yunifásítì Simon Fraser ní British Columbia, ní Kánádà, Zamir Punja àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí àwọn àrùn wọ̀nyí. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé èbu ń bá igbó jà láti gbòǹgbò títí dé òdòdó, àti pé ewu náà kì í parí ní ọjọ́ ìkórè.

Bí ọ̀rinrin ṣe ń kó ara jọ

Nínú omi tí gbòǹgbò ewéko bá fà, ó ju ìdá 95 nínú 100 lọ tó ń gba ojú ewé padà sínú afẹ́fẹ́. Bí àwọn igi inú yàrá kan bá fa omi lítà 10 lójúmọ́, ó ju lítà 9 àbọ̀ lọ tí yóò di ọ̀rinrin inú yàrá náà. Bí ọ̀rinrin yìí kò bá rọ́nà jáde, ara ògiri, ara fèrèsé àti àárín òdòdó ni yóò lọ.

Òru ló léwu jù. Láti mú kí igbó yọ òdòdó, ìmọ́lẹ̀ wákàtí 12 àti òkùnkùn wákàtí 12 ni wọ́n sábà máa ń fún un. Nígbà tí iná bá kú, yàrá á tutù, afẹ́fẹ́ tútù kò sì lè gbé omi tó bí èyí tó gbóná. Ká ní yàrá náà wà ní 26°C lọ́sàn-án, tí ìwọ̀n ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ 55%. Bí ó bá tutù dé 18°C lóru, omi kan náà yẹn yóò gbé ìwọ̀n náà dé nǹkan bíi 90%, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu omi kan kún un. Bí ara ewé bá tún tutù ju afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀, omi á sẹ̀ sójú rẹ̀, bó ṣe ń sẹ̀ sára ìgò omi tútù. Láàárín 15°C sí 25°C ni ara èbu eléérú ń yá jù. Yàrá tó tutù, tó rin, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò rìn ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá ń ka ìwọ̀n ọ̀rinrin lọ́sàn-án nìkan kò tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá rẹ̀.

Ìdènà nígbà tí igbó ń dàgbà

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a mọ ìwọ̀n ọ̀rinrin. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ̀n ọ̀rinrin kò wọ́n, àárín ewé gan-an ló sì yẹ kí a gbé e kọ́, nítorí pé ibẹ̀ máa ń rin ju ẹnu ọ̀nà lọ. Igbó kékeré lè gba 60% sí 70%. Nígbà tó bá ti ń yọ òdòdó, 40% sí 50% ni ọ̀pọ̀ olùgbìn ń wá, pàápàá ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn tí òdòdó ti ki.

Ohun kejì ni afẹ́fẹ́. Fáànù kéékèèké tó ń fẹ́ sísàlẹ̀ àti sókè àwọn igi kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin kóra jọ sójú kan. Kò yẹ kí a pa wọ́n lóru. Ṣùgbọ́n fáànù kò lè mú omi kúrò nínú yàrá, ńṣe ló kàn ń tì í kiri. Ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin, ẹ̀rọ amúlétutù, tàbí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde síta ló ń mú un kúrò. Ojú ọjọ́ ló ń sọ èyí tó yẹ. Nígbà òtútù ní Kánádà, afẹ́fẹ́ ìta gbẹ gan-an bó bá wọlé tó sì gbóná, nítorí náà pípààrọ̀ afẹ́fẹ́ máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní etíkun British Columbia nígbà tí òjò bá ń rọ̀ léraléra, afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ ti rin, ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin ni a ó gbára lé.

Àkókò tí a ń bomi rin igi náà ṣe kókó. Kété tí iná bá tàn ló dára jù, kí ewéko lè lo omi náà kí òkùnkùn tó dé. Ìdí igi ni kí a da omi sí. Omi kò gbọ́dọ̀ kan òdòdó.

Bí a ṣe ń tọ́jú igi náà tún ní ipa tirẹ̀. Kí a fi àlàfo sáàárín igi kan àti èkejì, kí a máa gé àwọn ewé ìsàlẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, kí a sì kó gbogbo ewé tó bá já bọ́ kúrò nílẹ̀, nítorí pé oúnjẹ èbu eléérú ni ewé tó ti kú. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa gé e, kí egbò má bàa pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ka gígé tuntun yẹ kó dá wà ní yàrá ọ̀tọ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dàpọ̀ mọ́ àwọn tó kù. Aṣọ mímọ́, ọwọ́ mímọ́ àti ọ̀bẹ tí a fi ọtí apakòkòrò nù jẹ́ apá kan iṣẹ́ náà. Ẹni tí ilé rẹ̀ máa ń rin lè yan ẹ̀yà tí òdòdó rẹ̀ kò dì jù.

Bí èbu bá ti yọ

Òdòdó tí èbu eléérú bá ti wọ̀ kò ní ìwòsàn. Kí a kọ́kọ́ pa fáànù kí eruku rẹ̀ má bàa fò kiri, kí a fi àpò bo òdòdó náà, kí a gé e ní ibi tó jìn díẹ̀ sí ibi tó ti rà, kí a sì gbé e jáde kúrò nílé. Lẹ́yìn èyí ni kí a yẹ gbogbo òdòdó tó kù wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fún èbu oníyẹ̀fun, a lè lo potassium bicarbonate tàbí imí ọjọ́ nígbà tí igi kò tíì yọ òdòdó. A tún lè lo àwọn ẹ̀dá tín-ín-rín tó ń bá èbu jà, bíi Bacillus àti Trichoderma. Ìṣọ́ra wọn ni pé kí a lò wọ́n kí àrùn tó gbilẹ̀, àti kí a má fọ́n ohunkóhun sí òdòdó tí ẹnì kan máa fà sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Oògùn apèbu tí wọ́n ń pè ní myclobutanil, tí wọ́n máa ń lò fún èso àjàrà, ń tú gáàsì olóró hydrogen cyanide jáde nígbà tí iná bá jó o. Ìparí ọdún 2016 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni wọ́n rí i nínú igbó ìṣègùn ní Kánádà, tí wọ́n sì ní kí àwọn tó rà á dá a padà.

Ìkórè, gbígbẹ àti ìpamọ́

Igi tó yè títí di ọjọ́ ìkórè ṣì lè bu láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ olùgbìn máa ń fi ẹ̀ka kọ́ sínú yàrá òkùnkùn tó wà láàárín 15°C sí 21°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 50% sí 60%, fún ọjọ́ 7 sí 14. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa rìn nínú yàrá náà, àmọ́ kí fáànù má dojú kọ òdòdó. Bí ó bá yá jù, ìta á gbẹ nígbà tí inú ṣì tutù, irú òdòdó bẹ́ẹ̀ á sì bu nínú ìgò.

Ọwọ́ nìkan kò tó láti fi mọ̀ pé ó ti gbẹ. Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń wọ̀n omi tó ṣẹ́kù tí èbu ṣì lè rí lò, lórí òṣùwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 1. Ìlànà àjọ ASTM International fi 0.55 sí 0.65 ṣe ààlà fún òdòdó igbó gbígbẹ. Lábẹ́ 0.65, èbu inú àká kì í sábà lè hù. Ẹni tó ń tọ́jú tirẹ̀ sílé lè fi ẹ̀rọ ọ̀rinrin kékeré sínú ìgò, kí ó sì máa ṣí ìgò náà lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ewu fún ìlera

Ara ẹni tó le lè borí irúgbìn Aspergillus tó bá fà símú. Ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti dínkù, bí ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ tàbí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara fún, lè ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó lè gba ẹ̀mí. Ohun tó sì ń dunni ni pé àwọn wọ̀nyí gan-an wà lára àwọn tó ń lo igbó gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California, Davis, yẹ oríṣi igbó 20 láti àwọn ilé ìtajà ní àríwá California wò, wọ́n sì rí Aspergillus, Mucor àti àwọn bakitéríà tó lè ṣe aláìsàn ní jàǹbá. Òfin California fẹ́ kí wọ́n yẹ òdòdó tí àwọn ènìyàn yóò fà sínú wò fún irú Aspergillus mẹ́rin: fumigatus, flavus, niger àti terreus. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan péré nínú gíráàmù kan, wọn kò gbọ́dọ̀ tà á.

Ní Netherlands, wọ́n máa ń fi ìtànṣán gámà pa àwọn kòkòrò àìlèfojúrí inú igbó ìṣègùn kó tó dé ọwọ́ aláìsàn, àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtànṣán náà ń pa èbu, ṣùgbọ́n májèlé tí èbu ti pèsè sílẹ̀ lè kù síbẹ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ìdènà fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá ìgbìn, ní ọjọ́ tí a bá gbin igi àkọ́kọ́ síbẹ̀.