Àkámọ́ Nínú Orúkọ Olóyè

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹni tó bá ti gba ìwé ìpè síbi ìwúyè ní Ọ̀wọ̀, tàbí ní Ifọ́n tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, mọ bí orúkọ ṣe ń gùn: Olóyè, àkámọ́, Dókítà, kí orúkọ gan-an tó dé. Lónìí, orí ímeèlì ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbà, ibẹ̀ náà ni ẹni tó máa kọ ìtàn wa lọ́la yóò ti wá orúkọ. Kọ̀ǹpútà tó ń ka orúkọ olùfiránṣẹ́ sì ní òfin tirẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ 1982, David Crocker ti Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà gbé ìwé òfin RFC 822 jáde. Ohun tó sọ ni pé kí orúkọ ṣáájú, kí àdírẹ́sì wà láàárín < àti >. Ohun tó bá wà nínú àkámọ́, àlàyé lásán ni, kì í ṣe ara orúkọ. Kọ́mà ń pààlà láàárín ẹni méjì. Kódà àmì ìdánudúró inú “Prof.” kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, àfi tí a bá fi àmì àyọlò ká orúkọ náà. (Ẹ ò rí i pé ó kan àwa tiṣà náà!)

Ẹ wá fún Python ní èyí, kí ẹ ní kí parseaddr kà á:

Olóyè (Dókítà) Adé <ade@example.org>

Orúkọ tó máa dá padà ni “Olóyè Adé (Dókítà)”. Kò sọ ọ́ nù o, ó kàn gbé e sẹ́yìn ni. Nílùú tí wọ́n ti ń wo ẹni tó ṣíwájú àti ẹni tó tẹ̀lé, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Oògùn rẹ̀ ò sì le: àmì àyọlò náà ni.

Ti àmì ohùn ló le. Ìpàdé tí àwọn míṣọ́nnárì ṣe ní Èkó ní 1875 ti jíròrò bí a ó ṣe máa kọ èdè wa, ṣùgbọ́n RFC 822 ò mọ̀ ju ASCII lọ, àmì 128 péré. Láti 1992 ni Keith Moore ti ń wá ọ̀nà àbáyọ. RFC 2047 ti 1996 ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀, pé kí a di orúkọ bí ẹrù, kí ẹni tó gbà á tú u. Bí “Ọ̀wọ̀” ṣe ń rìn lọ́nà nìyí:

=?UTF-8?Q?=E1=BB=8C=CC=80w=E1=BB=8D=CC=80?=

Lẹ́tà mẹ́ta di àmì 43! Unicode ò ní Ọ̀ ní odidi. Ọ lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. Ẹni tó bá já gbogbo ẹ̀ sọ nù kí iṣẹ́ lè yá, “Owo” ló máa kù sí i lọ́wọ́, ẹni tó ń kà á ò sì ní mọ̀ bóyá ìlú ni àbí owó.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kóòdù tó ń tú ẹrù kó tó pín àdírẹ́sì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí “Adé, Ọ̀mọ̀wé” bá wà nínú ẹrù yẹn, kọ́mà á jáde, ẹnì kan á sì di méjì. RFC 2047 sọ ọ́ kedere: ẹ pín in ná, kí ẹ tó tú u.

Láti 2012 ni RFC 6532 ti gbà kí a kọ Ọ̀wọ̀ bó ṣe rí, láìdì í. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń fi ránṣẹ́ àti èyí tó ń gbà á gbọ́dọ̀ jọ gbà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹrù dídì ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀.