Ìbò Mẹ́rin sí Mẹ́ta ní New York

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká yẹ ìtàn ilé-ìwé ìjọba New York wò. Kí ó tó di 2002, ènìyàn 7 ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú náà: méyọ̀ yan 2, àwọn olórí bọ́rọ̀ márààrún sì yan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ni wọ́n ń gba ọ̀gá àgbà ilé-ìwé sí iṣẹ́. Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó mọ̀ pé ìṣirò èyí kò le: ẹni tí ó ní ìbò 4 ni ó borí.

Ní 1992, ìgbìmọ̀ àdúgbò kan ní Queens kọ ìlànà ẹ̀kọ́ tí ó mẹ́nu ba òbí tí wọ́n jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì. Ọ̀gá àgbà, Joseph Fernandez, dá wọn dúró. Adìyẹ bà lókùn: ní 1993, ìbò 4 sí 3 ni a fi kọ̀ láti tún àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ramon Cortines bá Méyọ̀ Giuliani fa wàhálà, ó kúrò ní 1995. Ní 1999, ìbò 4 sí 3 náà ni ó lé Rudy Crew.

Ní 2002, òfin gbé agbára fún méyọ̀. Joel Klein lo ọdún 8. Ṣùgbọ́n ní 2004, wọ́n pààrọ̀ ènìyàn 3 nínú ìgbìmọ̀ tuntun ní ọjọ́ ìbò gan-an, nítorí wọn kò fara mọ́ ti méyọ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, ará ìlú ni ó ń dìbò yan ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó sì ń jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀tọ́, ẹ má jókòó sílé.